Orúkọ àtijọ́, ohùn tuntun

Àbúrò, o ní o ti fi orin sílẹ̀ fún ọdún 6, gìtá nìkan làwọn èèyàn mọ̀ ọ́ mọ́, o wá fẹ́ fi ìlù kọ̀ǹpútà padà dé. Ìbéèrè rẹ ni bóyá kí o yí orúkọ padà. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn. Kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná: ta ló ni àwọn orin rẹ àtijọ́?

Ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo. Èmi ni mo kọ gbogbo orin inú àwo mi àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ àti ohùn, mo sì gbà pé tèmi ni. Àṣé nǹkan méjì ló wà nínú orin kan: èyí tí èèyàn fi orí ara rẹ̀ kọ, àti èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, tí wọ́n ń pè ní master. Tèmi ni ti àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ tó gbé mi jáde ló ni ìkejì. Mo ní kí n tún mẹ́ta nínú wọn kọ lọ́nà tuntun, kí n fi ṣílẹ̀kùn ìpadàbọ̀ mi. Lọ́yà wọn kọ̀wé pé mo ti fọwọ́ sí i pé mi ò ní tún wọn gbà sílẹ̀ títí ọdún 5 lẹ́yìn tí àdéhùn bá parí. Ọdún 3 péré ló tíì lọ. Oṣù 11 gbáko ni mo fi ń kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni lọ́yà náà fèsì, "a ti rí i," bí ẹni pé owó ni mo wá tọrọ. Àwọn tó ń pe ara wọn ní agbaninímọ̀ràn gbowó mi, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù wo? Taylor Swift gan-an, gbajúmọ̀ olórin ará Amẹ́ríkà, dúró dìgbà tí àdéhùn gbà á láyè, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn orin tó tún gbà sílẹ̀ jáde lọ́dún 2021. Mélòómélòó wá ni èmi.

Wá ìwé àdéhùn rẹ jáde kí o tó wọ sítúdíò rárá. Tí o bá sì fẹ́ kí ẹlòmíì máa bá ọ gbé àwọn orin àtijọ́ tó jẹ́ tìrẹ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ISRC tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ ni kí o lò, àmì lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 tí wọ́n fi ń dá orin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ mọ̀. Èmi jẹ́ kí wọ́n fún mi ní tuntun, iye ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ orin mi sì padà sí òdo.

Ọ̀fun rẹ ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo padà sídìí orin ni mo ti ń fipá kọ ohùn òkè, ohùn mi há fún oṣù kan. Ẹni tó bá sì ní òun á bá ọ ra olùgbọ́, sá fún un, wọ́n lè torí ẹ̀ yọ orin rẹ kúrò.

Gbígbé orin tuntun rẹ jáde kò le: fi ránṣẹ́ sáwọn olóòtú Spotify, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán ọjọ́ 7 ṣáájú ọjọ́ tó máa jáde. Ìyókù, o mọ̀ ọ́n.

Ó dáa, orúkọ. Má yí i. Bob Dylan, olórin ará Amẹ́ríkà tí wọ́n mọ̀ mọ́ gìtá lásán, gbé gìtá oníná gun orí ìtàgé níbi àjọ̀dún orin Newport lọ́dún 1965, àwọn kan hó lé e lórí, orúkọ yẹn náà ló sì ń jẹ́ lọ. Àyàfi tí àdéhùn rẹ bá sọ pé ilé-iṣẹ́ ló ni orúkọ náà. Wò ó dáadáa. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹyin iná, ni wọ́n fi tèmi pamọ́ sí.