Ṣé mo lè gbé mọ́tò tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ lọ sí track day?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Dartford ni mò ń gbé. Mo ní Golf GTI ọdún 2017 tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, tí mo sì fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Mo ṣì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ọ̀rẹ́ mi kan ti forúkọ sílẹ̀ fún track day (ọjọ́ tí wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ sáré lójú ọ̀nà eré ìje) ní Brands Hatch, ó ní ká jọ lọ. Ìyàwó mi ní màá kàn lọ ba mọ́tò jẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ́kọ́ fi agbára kún ẹ́ńjìnì, kí n sì pààrọ̀ sàlẹ́ńsà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ó ṣeé ṣe, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Golf tí a tọ́jú dáadáa lè sáré ní Brands Hatch láti àárọ̀ kó sì gbé ọ délé nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n owó tí o fẹ́ ná sórí ẹ́ńjìnì yẹn, jọ̀ọ́, dá a dúró. Ẹ́ńjìnì rẹ ti lágbára ju ohun tí wàá lè lò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Sàlẹ́ńsà tuntun sì lè kó ọ sí wàhálà, torí wọ́n máa ń wọn ariwo ọkọ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé, ẹni tí ariwo tirẹ̀ bá pọ̀ jù á yí padà sílé. Èyí tó wà lára ọkọ̀ rẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é kò ní kó ọ sí wàhálà.

Bíréèkì ni kí o náwó lé. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dá ọkọ̀ tí à ń wà lójú títì lágara níbi eré báyìí. Wo ìṣirò yìí: bí ọkọ̀ bá ń sáré 100 máìlì ní wákàtí kan tí o sì dá a dúró, ooru tó máa kọjá sára bíréèkì jẹ́ ìlọ́po 4 ti ọkọ̀ kan náà tó ń sáré 50. Lórí M25, títì márosẹ̀ tó yí London ká, o lè tẹ bíréèkì gidi lẹ́ẹ̀kan, kó tó tún di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ojú ọ̀nà kúkurú tí wọ́n ń pè ní Indy ní Brands Hatch kò ju máìlì 1.2 lọ, ọkọ̀ bíi tìrẹ á yí i ká ní bíi ìṣẹ́jú kan. O tẹ bíréèkì kí o tó wọ kọ́nà Paddock Hill, o tún tẹ̀ ẹ́ ní kọ́nà Druids, o tún fẹsẹ̀ kàn án kí o tó dé kọ́nà Clearways, o sì ti tún padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi gígùn kankan tí atẹ́gùn á ti fẹ́ sí i kó tutù.

Ọ́ìlì bíréèkì ló máa ń dójú ti èèyàn jù. Ó máa ń fa ọ̀rinrin látinú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Òfin tí wọ́n fi ń ṣe DOT 4, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, ni pé tuntun rẹ̀ kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C. Èyí tó ti mu omi, 155°C ni wọ́n bù fún un. Ìyàtọ̀ yẹn ló wà láàárín bíréèkì tó mú àti bíréèkì tí kò sí. Bó bá hó, oru bíi ti omi híhó á wà nínú páìpù, pẹ́dà á sì rì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Nítorí náà, bí o kò bá lè tọ́ka sí ìwé tó fi hàn pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ yìí, pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Àwọn DOT 4 kan wà tí kì í hó títí ooru fi kọjá 300°C, wọ́n kàn nílò kí a máa tètè pààrọ̀ wọn ni. Bí o bá rí DOT 5.1, kì í ṣe DOT 5 o. Sílíkónì ni DOT 5, má ṣe dà á sínú Golf rẹ láéláé.

Páàdì tí kò tó ìdajì mọ́, yọ ọ́, fi tuntun sí i, kí o sì wà á lójú títì fún ọjọ́ mélòó kan kó lè bá díìsì mọ́ra.

Táyà ńkọ́? Òfin ní bí ihò ojú táyà bá jìn tó 1.6 mm, ó ti tó, èmi kò ní gbé èyí tó kù tó bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀. Wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT tí wọ́n kọ sára táyà (kì í ṣe ti ọ́ìlì bíréèkì): 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Bó bá ti pẹ́ tó sì ti ń sán, fi sílẹ̀. Ooru eré lè fi 5 tàbí 6 psi (òṣùwọ̀n agbára atẹ́gùn táyà) kún atẹ́gùn inú rẹ̀, nítorí náà mú géèjì dání, kí o máa wò ó bí o bá ṣe ń jáde, kí o sì yọ díẹ̀ bó bá pọ̀ jù. Mú bóòtù táyà le dé 120 Nm (òṣùwọ̀n bí a ṣe mú bóòtù le tó). Jẹ́ kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dé àmì òkè, torí ó máa ń sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú kọ́nà, kí o sì mú lítà kan sí i dání. Gbogbo ohun tó wà nínú bùùtù, títí kan ìjókòó àwọn ọmọ, kó wọn sílé.

Ní ti ìwé: ìnṣọ́ránsì tí o fi ń wa ọkọ̀ lójú títì sábà máa ń yọ track day sílẹ̀. Àwọn tó ń ta ti ọjọ́ kan ṣoṣo wà, ṣùgbọ́n ka iye tí wàá kọ́kọ́ san látinú àpò ara rẹ, ó lè pọ̀. Ka ìwé àdéhùn owó oṣooṣù yẹn náà, torí ọkọ̀ náà kò tíì di tìrẹ tán. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé o kò gbọdọ̀ gbé e lọ síbi eré, má lọ. Yá ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í yáni níbẹ̀. Ibí yìí ni ìyàwó rẹ ti jàre, kí ẹ jọ ka ìwé náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ ẹ̀wù alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn, mú láísẹ́ǹsì àti akoto lọ (wọ́n sábà máa ń yáni ní akoto). Fetí sí briefing, àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sọ apá tí ẹ lè gbà kọjá ara yín, àti ohun tí àsíá kọ̀ọ̀kan ń wí. Eré ìje kọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka àkókò, nítorí náà pa áàpù tó ń ka àkókò nínú fóònù. Gba olùkọ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Èyí wúlò ju gbogbo agbára ẹ́ńjìnì tí ọ̀rẹ́ rẹ ń wí, ní pàtàkì ní Paddock Hill, tó máa ń ṣubú lọ nísàlẹ̀ lójijì kí o tó rí i. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà tó sì yọ ẹsẹ̀ láàárín kọ́nà yẹn, ìdí ọkọ̀ á fúyẹ́, á sì yí. Fi bíréèkì parí iṣẹ́ nígbà tí sítíárì ṣì tọ́. Má ṣe pa ESP, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ tàbí yí.

Ìyíká márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó lẹ́ẹ̀kan. Fi èyí tó kẹ́yìn rìn jẹ́jẹ́ láìfi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì. Bí o bá páàkì, má fi hánbíréèkì sí i, torí páàdì tó gbóná á lẹ̀ mọ́ ojú kan lára díìsì. P tàbí jíà ti tó.

Kí o tó máa lọ sílé, jẹ́ kí táyà tutù, kí o fẹ́ ẹ padà sí iye tó wà fún ojú títì, torí atẹ́gùn tí o yọ nígbà tó gbóná, táyà tó bá tutù á ti rọ̀ jù. Tún wo ọ́ìlì, wo bóòtù táyà, wo páàdì láàárín ríìmù. Lẹ́yìn náà, tẹ pẹ́dà bíréèkì níbi tí ọkọ̀ dúró sí. Bó bá rọ̀ ju ti àárọ̀ lọ, má gbé e bọ́ sórí M25, pe àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé ọkọ̀.