Bí fáìlì kò bá tíì tán, má dá 0 padà: ìdáhùn lórí kíkọ ìpele fáìlì nínú Python

Àbúrò, o kú iṣẹ́. O ní o ní àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí oríṣiríṣi èèyàn tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ inú rẹ̀ kò dọ́gba, o sì fẹ́ kọ ìpele tìrẹ sábẹ́ open nínú Python kí gbogbo rẹ̀ lè máa jáde ní ọ̀nà kan ṣoṣo bí ètò rẹ bá ti ń kà á. O béèrè bóyá orí RawIOBase (kíláàsì Python tó wà fún báìtì lásán) ni kí o gbé e lé ni tàbí orí TextIOWrapper (èyí tó ń sọ báìtì di lẹ́tà). Màá dé ibẹ̀. Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ, torí mo jìyà rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíì tún jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Bí readinto rẹ, ìyẹn iṣẹ́ tí Python máa ń pè láti gba báìtì lọ́wọ́ ìpele rẹ, bá dá 0 padà, ohun tí Python gbọ́ ni pé fáìlì ti tán. Kò gbọ́ ọ bíi "kò tíì sí nǹkan, padà wá láìpẹ́". Ó ti tán nìyẹn. Kò ní béèrè lẹ́ẹ̀kejì, kò ní pariwo, kò ní kọ àṣìṣe kankan sójú ìwòran rẹ. Iṣẹ́ rẹ á parí wọ́ọ́rọ́wọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ á sì ti sọnù.

Ilé ìtẹ̀wé kan ló gbé iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè wá bá mi. Kí n tó dé, onímọ̀ kan tí wọ́n sanwó gidi fún ti kọ ìpele tó ń ka fáìlì fún wọn. Iṣẹ́ ìpele yìí ni láti yọ gbogbo ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì # kúrò, nítorí ibẹ̀ ni àwọn olóòtú máa ń kọ àlàyé tara wọn sí. Ó ń ka báìtì 8192 lẹ́ẹ̀kan, ó ń yọ àlàyé inú rẹ̀, ó sì ń dá èyí tó kù padà. Ọ̀rọ̀ A jáde, B jáde, D, E, Ẹ, F, gbogbo wọn jáde. Ní ìparí G, olóòtú kan ti kọ àlàyé gígùn kan síbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí. Bí ìpele ṣe bu 8192 tó kàn nìyẹn, àlàyé ni gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ó yọ ọ́ kúrò, kò ku báìtì kan, ó dá 0 padà. Láti GB títí dé Y, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde mọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe wá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Onímọ̀ náà kọ́kọ́ ní dísìkì ló bàjẹ́, wọ́n ra òmíràn. Lẹ́yìn náà ó ní àwọn obìnrin tó tẹ iṣẹ́ náà ni kò fi pamọ́ dáadáa. Wọ́n pe àwọn obìnrin yìí, wọ́n bá wọn wí, wọ́n sì ní kí wọ́n tún GB tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe pé pérépéré, tó sì wà nínú fáìlì náà láìyingin. Ẹnikẹ́ni tó bá fi wc -l ka ìlà inú fáìlì gan-an, tó sì fi wé iye ìlà tí ètò rẹ̀ rí, á ti mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe fáìlì. Kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ pé ìpele ni kí a yẹ̀ wò, ọ̀gbẹ́ni náà yí 8192 padà sí 65536, GB jáde, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, ó sì gba owó rẹ̀. Àrùn náà kò sàn o. Ibùgbé ló pààrọ̀. Àkójọ kejì tí àlàyé inú rẹ̀ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ tún gé sí àárín. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé kí o fi kún bọ́fà kí nǹkan lè yanjú, má gbọ́ tirẹ̀.

Bó ṣe yẹ kí ó rí nìyí. Orísun ni fáìlì tó wà nísàlẹ̀, tí o ṣí pẹ̀lú 'rb'. Iyoku jẹ́ bytearray, ìyẹn àpò báìtì tí a lè fi kún, tí a sì lè yọ nínú rẹ̀. Se ni iṣẹ́ tí ìpele rẹ ń ṣe:

    def readinto(self, b):
        while not self.iyoku and not self.opin:
            d = self.orisun.read(8192)
            self.opin = not d
            self.iyoku += self.se(d, self.opin)
        n = min(len(b), len(self.iyoku))
        b[:n] = self.iyoku[:n]
        del self.iyoku[:n]
        return n

Wo while yẹn dáadáa. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá sí nǹkan lọ́wọ́, tí orísun kò sì tíì tán, ó gbọ́dọ̀ padà lọ bù sí i. Ìgbà tí orísun bá tán lóòótọ́, tí o sì ti fi True sọ fún se kí ó tú gbogbo ohun tó há mọ́ra jáde, nìkan ni 0 lè jáde. Ẹni tó ń fi zlib tú fáìlì tí wọ́n fún pọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, torí decompressobj lè gba báìtì lọ́wọ́ rẹ kí ó sì dá b'' padà láìjẹ́ pé ó ti parí. Ìwé ìtọ́nà sọ pé o lè dá None padà bí kò bá tíì sí nǹkan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí o bá gbé TextIOWrapper sórí rẹ̀, ó lè ké mọ́ ọ, ó sì lè kà á sí pé fáìlì ti tán, torí báìtì ló ń retí. Yípo títí nǹkan fi jáde.

Àwọn nǹkan kéékèèké yòókù o mọ̀: jẹ́ kí readable dá True padà, fi BufferedReader (èyí tó ń kó báìtì jọ sínú bọ́fà) bò ó, fi TextIOWrapper bo ìyẹn. Ìpele mẹ́ta yìí ni PEP 3116, ìwé àbá Python ti ọdún 2007, gbé kalẹ̀, kò tíì yí padà.

Bí o bá fẹ́ máa kọ sínú fáìlì náà, ọ̀fìn kejì wà níbẹ̀. Iye tí write ń dá padà ni iye báìtì tó gbà lọ́wọ́ ẹni tó pè é, kì í ṣe iye tó wọ inú dísìkì. Bí ẹni lọ ra gàrí ni: iye kóńgò tó gbà lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà ló máa sọ, kò kan bí ẹ̀bà ṣe tóbi tó nígbà tó délé. Bí ìpele rẹ bá ń fún nǹkan pọ̀, tí o gba báìtì 8000, tí o kọ 3000 sílẹ̀, tí o wá dá 3000 padà, BufferedWriter á rò pé 5000 ṣì kù, á sì tún un fi ránṣẹ́. Fáìlì rẹ á kún fún àtúnsọ. Bí ohun tí o kọ bá wá pọ̀ ju ohun tí o gbà lọ, OSError ni, ìyẹn tilẹ̀ sàn torí ó ń pariwo. Má sì ṣe tọ́jú b fúnra rẹ̀ sínú self. Lẹ́yìn tí write bá ti parí, ẹni tó ni ín lè kọ nǹkan mìíràn lé e. Fi bytes(b) dà á kọ tí o bá nílò rẹ̀.

Ó kù kí n dáhùn ohun tí o béèrè. Iṣẹ́ tìrẹ kò nílò RawIOBase, kò sì nílò kí o fi TextIOWrapper bí ọmọ (subclass). RawIOBase wà fún ẹni tó ń yí báìtì padà. Lẹ́tà ni ìwọ ń yí padà, ibi tí báìtì ti ń di lẹ́tà sì ni decoder. Kọ decoder tìrẹ, kí o fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, open lásán á máa lò ó:

    import codecs, unicodedata

    class Yo(codecs.IncrementalDecoder):
        def __init__(self, errors='strict'):
            super().__init__(errors)
            self.d = codecs.getincrementaldecoder('utf-8')(errors)
            self.iyoku = ''
        def decode(self, b, final=False):
            s = self.iyoku + self.d.decode(b, final)
            i = len(s)
            if not final and s and s[-1] != '\n':
                i -= 1
                while i > 0 and unicodedata.combining(s[i]):
                    i -= 1
            self.iyoku = s[i:]
            s = s[:i].replace('\u0329', '\u0323')
            return unicodedata.normalize('NFC', s)

    codecs.register(lambda n: codecs.CodecInfo(
        codecs.utf_8_encode, codecs.utf_8_decode,
        incrementaldecoder=Yo, name=n) if n == 'utf_8_yo' else None)

Lẹ́yìn èyí, open('oro.txt', encoding='utf_8_yo') ti tó. csv.reader àti gbogbo irú rẹ̀ á máa gba lẹ́tà tó ti dọ́gba láìmọ̀ pé o ṣe nǹkan kan. Decoder lè dá '' padà bó ṣe wù ú, torí báìtì ni TextIOWrapper fi ń mọ òpin fáìlì.

Ìdí tí mo fi ń há lẹ́tà ìkẹyìn mọ́ra: Unicode kò ní kódù kan ṣoṣo fún ẹ́. Báìtì márùn-ún ni nínú UTF-8, bóyá o tẹ̀ ẹ́ bí ẹ pẹ̀lú àmì òkè, tàbí bí e, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè. Ọ̀nà méjèèjì rí bákan náà lójú, ṣùgbọ́n == á ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí báìtì tí a bù lẹ́ẹ̀kan bá parí sórí e, tí àmì rẹ̀ wá wà nínú èyí tí a bù tẹ̀ lé e, tí o ti tú e jáde, o ti pẹ́ jù. Mo wá yọ '\n' sọ́tọ̀ nítorí ẹni tó bá ń tẹ ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀: bí o bá há òun náà mọ́ra, ẹni náà á tẹ Enter, ètò rẹ á sì dákẹ́, á máa dúró de lẹ́tà mìíràn. Fún Yorùbá, combining yìí, tó ń sọ bóyá àmì tó ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà ni, tó. Má gbé e lọ fún èdè Kòríà, lẹ́tà tiwọn ń so pọ̀ lọ́nà mìíràn.

Má fo replace yẹn. Àwọn kan máa ń fi ìlà kékeré sísàlẹ̀ lẹ́tà, U+0329, dípò àmì tó-tó, U+0323. NFC, ọ̀nà Unicode tó ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì rẹ̀, kò ní sọ méjèèjì di ọ̀kan láéláé, bó ti wù kí àwọn tó ń sọ pé "ṣáà ti pe normalize" sọ ọ́ tó. Àwọn náà ló ń gbani nímọ̀ràn pé ká kúkú yọ àmì ohùn kúrò kí iṣẹ́ lè yá. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ kò ka èdè yìí sí, má jẹ́ kó fọwọ́ kan fáìlì rẹ.

Má pe tell tàbí seek lórí fáìlì tí o fi Yo ṣí, àfi bí o bá kọ getstate, setstate àti reset tirẹ̀. Nọ́mbà tí tell máa fún ọ kò ní mọ̀ nípa ohun tó wà nínú iyoku. Nọ́mbà ìlà ni kí o máa fi pamọ́.

Kí o tó gbẹ́kẹ̀ lé e, fún decoder náà ní báìtì kọ̀ọ̀kan: d.decode(bytes([x])) fún gbogbo x inú fáìlì, kí o fi d.decode(b'', True) parí rẹ̀, kí o sì wò ó bóyá àpapọ̀ rẹ̀ bá ohun tí o rí nígbà tí o fún un ní gbogbo fáìlì lẹ́ẹ̀kan mu. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n ti yàtọ̀ síbí pẹ̀lú báìtì tó wà nídìí rẹ̀, màá wò ó.