Ǹjẹ́ Jésù Rí Ìyá Rẹ̀ Fín Nínú Tẹ́ńpìlì?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mí ní Kàbà. A ka Lúùkù orí kejì, níbi tí Màríà ti bi Jésù, ọmọ ọdún 12, pé kí ló dé tí ó fi ṣe àwọn bẹ́ẹ̀, tí òun àti bàbá rẹ̀ ń fi ìbànújẹ́ wá a. Jésù fèsì pé kí ni wọ́n ń wá òun kiri fún, ṣé wọn kò mọ̀ pé òun kò lè ṣàìmá wà níbi iṣẹ́ Baba òun ni. Ọmọbìnrin kan ní bí òun bá dá ìyá òun lóhùn báyìí, wọn yóò gbá òun létí. Kí ni kí n sọ fún un?

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè ọmọ yẹn dára, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ọdọọdún ni àwọn òbí Jésù ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù fún Àjọ Ìrékọjá, àwọn pẹ̀lú ẹbí àti ojúlùmọ̀ ni wọ́n sì jọ ń rìn. Ẹni tó bá ti bá wa lọ síbi ìgbéyàwó láti Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀ mọ bí ó ti ń rí: ìyá gbà pé ọmọ wà nínú ọkọ̀ àbúrò òun, àbúrò gbà pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí Jésù ń padà sílé, odidi ọjọ́ kan ni wọ́n ti rìn kí wọ́n tó mọ̀ pé Jésù kò sí láàárín wọn, ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sì tó rí i nínú tẹ́ńpìlì.

Ìdààmú ló mú Màríà sọ̀rọ̀, Jésù kò sì bá a wí pé ó dààmú. Lójú tèmi, ohun tí ó ń béèrè ni ìdí tí wọ́n fi ń wá òun kiri, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n ti mọ ibi tí òun yóò wà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Màríà ní “bàbá rẹ àti èmi”, Jésù sì fi “Baba mi” dáhùn, níṣojú Jósẹ́fù. Kò sẹ́ Jósẹ́fù. Ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Baba kan wà tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí òun ṣáájú tiwọn. Èyí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Lúùkù kọ sílẹ̀ láti ẹnu Jésù, ẹ má sì ṣe bù ú kù kí ó lè dùn létí àwọn ọmọ. Ó yẹ kí ó ta òbí lára. Ìkókó ni Jésù nígbà tí Síméónì, ọkùnrin olódodo kan, ti sọ fún Màríà, nínú tẹ́ńpìlì kan náà, pé idà yóò gún Màríà fúnra rẹ̀ lọ́kàn.

Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gba ẹsẹ 49 yìí mú, tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ lọ sórí òkè àdúrà láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ 51 kò gbà fún wọn, nítorí ó ní Jésù bá wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Násárẹ́tì, ó sì ń tẹrí ba fún wọn. Kí wọ́n tó bá a pàápàá, ó jókòó láàárín àwọn olùkọ́, ó ń gbọ́ wọn, ó sì ń bi wọ́n léèrè. Ọmọ tí kò mọ ẹni tó jù ú lọ kì í jókòó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ka ẹsẹ 46 sí 51 sókè fún kíláàsì, kí ó sì sọ ohun tí Màríà ṣe sí ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Yóò rí i pé kò gbá ọmọ rẹ̀ létí. Ó pa gbogbo rẹ̀ mọ́ lọ́kàn.