Wọ́n pè mí síbi ìgbéyàwó àwọn Júù: ìgbà wo ni kí n pàtẹ́wọ́?

Nígbà tí ọkọ ìyàwó bá fẹsẹ̀ fọ́ ife. Wọ́n á ti fi aṣọ wé ife náà kí àfọ́kù má baà gún ẹnikẹ́ni, ọkọ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fọ́ yángá, gbogbo èèyàn á sì pariwo “Mazel tov!”, ìyẹn ẹ kú oríire. Àlàyé tí ẹ ó gbọ́ jù ni pé wọ́n fi ń rántí Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù tí àwọn ará Róòmù wó lọ́dún 70.

Ṣáájú ìyẹn, tọkọtaya á dúró lábẹ́ ìbòrí olópòó mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní chuppah. Òrùka tí ọkọ máa ń fi sí ìyàwó lọ́wọ́ níbẹ̀ kì í sábà ní òkúta kankan lára. Wọ́n á ka ketubah, ìwé tó sọ ojúṣe ọkọ sí ìyàwó, lẹ́yìn náà ìbùkún méje.

Bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ dé fìlà pẹlẹbẹ tí wọ́n bá fún yín. Lọ́dọ̀ àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn Júù tó ń tẹ̀ lé òfin ẹ̀sìn wọn tímọ́tímọ́, ọkùnrin àti obìnrin kì í jó pọ̀, nítorí náà ẹ má fa ìyàwó oníyàwó sójú agbo o! Bí tọkọtaya bá sì pòórá lẹ́yìn ife, inú yàrá kan ni wọ́n wà, àwọn méjèèjì nìkan. Ẹ máa jẹun yín lọ.