Èsì: Ṣé ẹgbẹ́ lè gbá bọ́ọ̀lù dáadáa kó má gba àmì kankan?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní báwo ni ẹgbẹ́ kan ṣe lè máa gbá bọ́ọ̀lù baseball dáadáa, kí wọ́n sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ó ń ṣẹlẹ̀ o! Ẹ wo ọjọ́ 4, oṣù Kẹwàá, ọdún 1955 ní Yankee Stadium, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ keje World Series (ìdíje àṣekágbá baseball Amẹ́ríkà): Brooklyn Dodgers 2, Yankees 0. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Yankees gbá bọ́ọ̀lù Johnny Podres, ajubọ́ọ̀lù Dodgers, dé bèèsì (ibi tí agbábọ́ọ̀lù ń sá dé), síbẹ̀ ẹnì kankan wọn kò yí àwọn bèèsì po délé, níbi tí wọ́n ti ń gba àmì.

Abala kẹfà ló dùn jù. Yankees ti ní èèyàn méjì lórí bèèsì nígbà tí Yogi Berra tiwọn gbá bọ́ọ̀lù lọ sí kọ̀rọ̀ apá òsì. Sandy Amoros ti Dodgers, ọmọ Kúbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀, sáré tete, ó na ọwọ́, ó hán an! Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún ló fi wọ ìbọ̀wọ́. Lójú tèmi, ọlọ́wọ́ ọ̀tún kì bá tí bá a. Ó jù ú sí Reese, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Reese jù ú sí Hodges, ẹlẹgbẹ́ wọn mìíràn, McDougald ti Yankees, tó ti sá kúrò ní bèèsì, kò ráyè padà sí i: òun àti Berra, tí wọ́n hán bọ́ọ̀lù rẹ̀, jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Hodges yìí náà ló ṣe okùnfà àmì méjèèjì. Ife-ẹ̀yẹ World Series àkọ́kọ́ Brooklyn nìyẹn, lẹ́yìn tí Yankees ti fìyà jẹ wọ́n níbẹ̀ nígbà márùn-ún.