Ṣé téèyàn bá pa ohun tó ń ṣe é mọ́ra, tí kò jẹ́ kó hàn lójú, á rọlẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀?

Rárá o. Lọ́dún 1998, James Gross, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá ní yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, fi fíìmù iṣẹ́ abẹ kan tó ń kóni nírìíra han àwọn èèyàn. Ó ní káwọn kan má ṣe jẹ́ kó hàn lójú wọn, káwọn míì sì máa wò ó bí iṣẹ́ lásán. Ojú àwùjọ méjèèjì dúró dáadáa, àmọ́ àwọn tó yí èrò wọn padà, tí wọ́n wò ó bí iṣẹ́ lásán, nìkan ni ìríra náà dín kù fún. Ní tàwọn tó ń pa á mọ́ra, ńṣe ni wàhálà tó bá ara wọn pọ̀ sí i: iṣan ẹ̀jẹ̀ ìka wọn fún, ọwọ́ wọn ń làágùn. Èyí tó ká mi lára jù ni ìwádìí tí Gross àti olùwádìí míì, Jane Richards, gbé jáde lọ́dún 2000: pípa á mọ́ra kì í jẹ́ kéèyàn rántí dáadáa ohun tí wọ́n ń sọ lójú rẹ̀.