Irọ́ tí o pa ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí

Ọmọ mi, o ní nínú lẹ́tà rẹ pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọ́, Houston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí ọ sí, àròkọ tí o máa fi wọ yunifásítì kò sì jẹ́ kí o sùn. Olùdámọ̀ràn yín nílé ìwé ní kí o kọ nípa jíjẹ́ aláwọ̀ dúdú. Màmá rẹ ní o ò gbọdọ̀ dán an wò, pé ìyẹn ni wọ́n máa fi lé ọ dànù. Ìwọ ní ojú ń tì ọ́, ó ń ṣe ọ́ bíi kí o máa ta awọ ara rẹ lọ́jà. O wá ń bi mí bóyá òfin tiẹ̀ gbà á.

Jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ òfin kúrò nílẹ̀ ná. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà sọ fún Harvard àti Yunifásítì North Carolina pé wọn ò gbọdọ̀ tìtorí àwọ̀ gba ọmọ wọlé mọ́. Àmọ́ Adájọ́ Àgbà John Roberts tó kọ ìdájọ́ náà ní kò sí ohun tó ní kí ọmọ má sọ bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe kan ayé rẹ̀, tó bá ṣáà ti fi irú ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ hàn. Nítorí náà, o lè kọ ọ́. Kò sì pọn dandan.

Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, ibì kan ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. O ní Sátidé-Sátidé lo máa ń bá àwọn oníbàárà sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ṣọ́ọ̀bù tí màmá rẹ ti ń dirun. Lọ́jọ́ kan, onídìrí kan sọ ní Yorùbá pé, "Akátà yìí ò ní sùúrù rárá." Akátà, orúkọ àbùkù tí àwọn kan fi ń pe aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà. Obìnrin tó jókòó yíjú sí ọ, ó ní kí ni wọ́n wí. O ní wọ́n ní irun rẹ̀ dára. Ibẹ̀ lo dé nínú lẹ́tà, lo bá sá padà sórí ọ̀rọ̀ òfin!

Dúdú ni ẹni tó jókòó, dúdú ni ẹni tó ń dirun, dúdú ni ìwọ tí o dúró láàárín tí o ń purọ́ kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Àpótí "aláwọ̀ dúdú" kan náà ni ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa fàmì sí nínú fọ́ọ̀mù. O tún sọ níbòmíràn pé "akátà" yẹn náà ni àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá rẹ n'Íbàdàn fi ń pè ọ́. Àbí o ò rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì bára tan?

Ọ̀rọ̀ 650 péré ni Common App, fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń gba ọmọ wọlé, fún ọ. Má fi ṣòfò lórí "èmi gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú." Bẹ̀rẹ̀ látorí òòyà, látorí omi gbígbóná tí ẹ ń ki ṣónṣó irun bọ̀. Má bu ìyà tí o kò jẹ kún un. Tí o kò bá tíì rí nǹkan ṣe sí irọ́ yẹn títí dòní, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti màmá rẹ, má bá a jà. Ẹni tó ti kó ẹrù lọ sílùú onílùú mọ ohun tí fọ́ọ̀mù lè ṣe féèyàn. Kí o tó fi ránṣẹ́, sọ ọ́ fún un ní Yorùbá, lọ́jọ́ tí èrò ò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá ní kí o yọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù òun, yọ ọ́. Tó bá ní kí o yọ irọ́ tí o pa, má yọ ọ́.